Òórùn Ara Ṣẹ́ẹ̀tì

Ìyàwó náà ju ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ síwájú bàbá tó ń ta lọ́fínńdà, ó yínmú.

"Ẹ gbọ́ òórùn tùràrí pẹ̀lú igi úùdù yìí, àfi bí ilé tó jóná! Aláìnítìjú obìnrin wo ló ń rà á lọ́wọ́ yín, tó fi ń lẹ̀ mọ́ ọkọ mi?"

Bàbá gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà símú.

"Èyí kì í ṣe tinú ìgò, ìyàwó, èéfín ni. Àwọn tó ń wẹ òkú ní mọ́ṣúárì ló máa ń sun ún, kí òórùn òkú má bàa bá wọn délé."

"Òkú kẹ̀? Ọ̀gá báńkì lọkọ mi!" Ó pòṣé, ó fa táì tí ọkọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ yọ nínú báàgì. "Èyí náà ńkọ́?"

Bàbá gbọ́ òórùn rẹ̀, ó rọra ká a padà fún un.

"Èyí ò lóòórùn kankan. Ó jọ pé ó máa ń bọ́ ọ kó tó wọ mọ́ṣúárì."