Ẹni Tó Kọ̀ Tí Kò Nawọ́

Inú ń bí Àmọ̀kẹ́ láti òwúrọ̀. Ó di ọdún mẹ́ta tó ti ń tọ́jú Màmá Remedios, ará Filipíìnì ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún, ní fúláàtì kan ní Barking Riverside. Ìbátan kankan ò kan ilẹ̀kùn rí. Àfi bí Eden, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá, ṣe fóònù pé òun ń bọ̀ láago méjì wá gba fọ́tò ara ògiri. Ó ní bàbá òun ń kú lọ, ó fẹ́ rí fọ́tò náà kó tó kú.

Àmọ̀kẹ́ pòṣé. “Ọsàn kan ṣoṣo ò tọwọ́ wọn wá rí. Fọ́tò ni wọ́n mọ̀!”

Ọdún 1938 ni wọ́n ya fọ́tò náà ní Manila. Bàbá Màmá wà níbẹ̀, pẹ̀lú àlùfáà kan àti àwọn olówó ìlú, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà, àwòrán ọfà márùn-ún wà láyà rẹ̀. Gbogbo wọn na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, Màmá náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, na tirẹ̀. Inú Àmọ̀kẹ́ máa ń dùn sí i. Bí wọ́n ṣe ń nawọ́ sí Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tirẹ̀ nìyẹn, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ tàwọn yìí kọjú sílẹ̀. Ìjọ kì í rí bákan náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan péré, ní ìpẹ̀kun, ló ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

“Màmá, ta ni alágídí yìí?”

“Ọ̀dàlẹ̀ ni.” Arúgbó gbójú kúrò lára fọ́tò. “Ó dójú ti bàbá mi níwájú ìlú. Bàbá lé e jáde nílé, ogun ló pa á. Má jẹ́ kí Eden bá a níbẹ̀.”

Àmọ̀kẹ́ yọ fọ́tò kúrò lára ògiri. Èèyàn tí ò ka Ọlọ́run sí, tó tún dójú ti àgbà! Ó fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò, ó tan àbẹ́là, ó sì jó o nínú síǹkì.

“Iná Ẹ̀mí!”

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó po tíì fún òun.

Nígbà tí Eden dé, ó gba fọ́tò, ó wo etí rẹ̀ tí wọ́n gé, ojú rẹ̀ sì yí padà.

“Ẹni tó dúró níbí dà?”

“Mo ti bá yín jó o níná,” ni Àmọ̀kẹ́ wí. “Ẹ mú àwọn tó ń yin Ọlọ́run lọ.”

“Ọlọ́run wo?” Eden pariwo, “apàṣẹwàá ilẹ̀ Sípéènì ni gbogbo wọn ń nawọ́ kí, bàbá bàbá mi nìkan ló kọ̀, fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé lẹ jó yẹn, bàbá mi ò sì fojú kàn án rí!”