Ilẹ̀kùn Tó Ń Béèrè Ohun Méjì

Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló kọ àṣẹ tí ilẹ̀kùn ilé wọn ń tẹ̀ lé, nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun méjì ni ilẹ̀kùn náà ń béèrè: ṣé káàdì ilé nìyí, àti ṣé ojú ará ilé nìyí? Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, pé tí àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ kì í wulẹ̀ béèrè èkejì mọ́. Bàbá Ìbejì ń mi orí, àmọ́ bọ́ọ̀lù inú rédíò ló ń gbọ́.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó ti ibi iṣẹ́ awakọ̀ rẹ̀ dé. Ó fi káàdì funfun tó he lórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ náà kan ara ilẹ̀kùn, iná pupa tàn. Ó nu ojú, ó ṣí fìlà, ó tún fi kàn án. Pupa. Ó wá fẹyín sí kámẹ́rà bí ọkọ ìyàwó tó ń ya fọ́tò. Pupa náà ni.

Ó rò ó lọ́kàn rẹ̀: Ìyá Ìbejì ti yọ ojú òun kúrò nínú ẹ̀rọ nìyẹn. Ó kúkú yẹ kó ti fura: láti ìjẹta ni obìnrin náà kì í ti í wò ó lójú mọ́, tí fóònù rẹ̀ bá sì dún, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà á lọ. Àṣé gbangba ti dẹkùn, kedere ti bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù bà á gidigidi, nítorí ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀.

Ó gbé ẹnu sún mọ́ kámẹ́rà.

"Ìyá Ìbejì, má bínú. Mo ti gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà ní ìlú kejì, mi ò sì sọ fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé o ò ní fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ tẹ̀ lé mi. Tí o bá ní kí n má lọ, mi ò lọ mọ́. Ṣáà má lé mi."

Aládùúgbò tó ń sá aṣọ dáwọ́ dúró kó lè gbọ́ dáadáa.

Ilẹ̀kùn ṣí láti inú. Ìyá Ìbejì dúró síbẹ̀, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Ta ló lé yín? Ẹ̀rọ ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ojú yín rárá. Ẹ wo káàdì ọwọ́ yín."

Bàbá Ìbejì yí i padà: àwòrán ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ti ìlú kejì, wọ́n sì kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé òṣìṣẹ́ tuntun ni.