Ìgò Òkúta

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì kó ìgò pẹ́ńpẹ́ dé ilé ìlagi, ẹ̀rín ni àwọn agbégi fi pàdé wọn. Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún márùnlélógójì ni kó bu ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí wà níbẹ̀, kí jẹjẹrẹ ìfun ńlá má baà fìdí múlẹ̀ lára onítọ̀hún.

"Ẹ bá mi wá garawa," ọ̀kan nínú wọn ní. "Ìgò yìí ò lè gba tèmi."

Òkúta, ọ̀gá wọn, fọ́ ọ létí. Eyín kan bọ́ sínú ìyẹ̀fun igi.

"Ta ló tún fẹ́ rẹ́rìn-ín?"

Wọ́n tò lọ gba ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ìgò pé. Ti Òkúta ló dé kẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ tó ń darí ayùn ń tẹ̀ lé e bọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Òun kò tíì pé ogójì ọdún, wọn ò fún un ní ìgò. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀gbọ́n sì ti mọ́ ọn lára.

Nígbà tí èsì jáde, nọ́ọ̀sì àgbà pe Òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, a rí ẹ̀jẹ̀ nínú tiyín. Ẹ má fi falẹ̀ o, ẹ tètè dé ọsibítù. Bó bá jẹ́ ohun tá a rò, ó ṣì kéré, wọ́n á yọ ọ́."

Òkúta ò ṣẹ́jú. "Ẹ ṣeun," ó ní.

"Ọkùnrin gidi nìyẹn," nọ́ọ̀sì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀.

Òkúta lọ sídìí ayùn, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Wọ ọkọ̀. Ọsibítù là ń lọ."

Àbúrò rẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, àṣé ẹ̀yin náà máa ń bẹ̀rù? Ẹ máa lọ jàre. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ gbé e lu pákó. Ìkejì fọ́ imú rẹ̀. Àwọn agbégi dì mọ́ Òkúta, ó gbọn wọ́n dànù bí ajá tó gbọn omi ara rẹ̀. Ó fokùn de àbúrò rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ó jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ láàárín ìtì igi.

Lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, àbúrò tutọ́ ẹ̀jẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣe yín gan-an?"

Òkúta gbé e mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. "Ìgbẹ́ ẹ tí mo lù ọ́ kó o tó yà á sínú ìgò mi," ó ní, "ẹ̀jẹ̀ wà ńbẹ̀."