Èèpo Fáírọ́ọ̀sì Onípákó

Káfíńtà lẹ pákó onígun mẹ́ta tó gbẹ̀yìn mọ́ èèpo tó ń ṣe, ó sì tún wojú omi. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí ní Igbókòdá láti àárọ̀. Ìbí tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ bá a kò sì tíì dé Máhìntẹ̀dó tó wà.

"Àǹtí, ogún pákó ti pé."

Tíṣà Ọlọ́lá yí i wò. Òun ló ní kó fi pákó ṣe èèpo fáírọ́ọ̀sì kékeré tó ń pa bakitéríà, kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lè fojú rí i. "Kò sí ibi tó ṣí sílẹ̀. Ẹ ṣeun."

Ni fóònù bá dún nínú èèpo náà.

Káfíńtà tọwọ́ bàpò, òfìfo ni. Iná fóònù ló fi ń ríran lẹ inú èèpo náà, ó sì ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó fi òòlù gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò là.

"Igun ni kẹ́ ẹ gbá," ni tíṣà wí, "ibi tí pákó márùn-ún ti pàdé. Igun ni fáírọ́ọ̀sì gan-an máa ń gbà tú ohun inú rẹ̀ jáde."

Igun náà fọ́. Ó fa fóònù yọ, ó gbé e sétí.

"Mo ti bímọ," ohùn ìyàwó rẹ̀ ni. "Ara mi le. Níbo lẹ wà?"

Káfíńtà jókòó sílẹ̀, ó na fóònù sí tíṣà. Tíṣà ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ," ni ó wí. "Wọ́n ń bọ̀."