Akínbọ́lá àti Ẹ̀rọ Gbọ̀ngàn Ìjan

Akínbọ́lá mọ iṣẹ́, àmọ́ kì í béèrè. Àléébù kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, òun náà ló sì bà á jẹ́. Mo lè sọ ọ́ dáadáa, nítorí níbi ìgbéyàwó tèmi gan-an ni ojú ti tì í.

Ní ọdún 1978, kò sí ẹni tó ń fi àwo orin dá èèyàn lára yá tó lókìkí tó Akínbọ́lá ní gbogbo agbègbè Adó. Ó ní giramafóònù méjì, àpótí kékeré kan tó fi ń da orin wọn pọ̀, àti àwo orin tó kún apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò ní sípíkà. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, èyí tó bá wà ní gbọ̀ngàn tí wọ́n pè é sí, ló máa ń so tirẹ̀ mọ́, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò sì jọra. Ti ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí ti ilé ẹ̀kọ́, ti ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn yòókù tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà fi máa ń wá olùtọ́jú gbọ̀ngàn lọ kí wọ́n tó tú ẹrù. Wọ́n á kí i, wọ́n á bi í pé ibo ni orin ń gbà wọlé, ibo ló ń gbà jáde. Akínbọ́lá ní òun kò ní máa kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn.

Orí ń bá a ṣe é. Ní Ìyìn, ihò tó wà lápá òsì lẹ́yìn ẹ̀rọ ni wọ́n ń ki wáyà giramafóònù bọ̀. Ní Adó, bákan náà ni. Ó wá gbà pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé rí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo fẹ́ Olúfúnṣọ́ ní gbọ̀ngàn Ìjan, Akínbọ́lá la sì pè láti wá fi àwo orin ṣeré. Bàbá mi, Tísà Bámgbóyè, ti ń ṣàìsàn láti ọdún tó kọjá, ohùn rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí ohùn rẹ̀ ń dé òpin pápá. Ní báyìí, ẹni tó jókòó tì í gan-an ní láti tẹ́tí kó tó gbọ́ ọ. Dókítà ti sọ fún wa pé àìsàn náà kò ní lọ. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi bẹ̀ wá fún ni pé kí òun fi maikirofóònù súre fún mi lójú gbogbo èèyàn.

Nọ́fíù Sàlàkọ́, tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ibẹ̀. Ó bá Akínbọ́lá lẹ́yìn ẹ̀rọ, wáyà lọ́wọ́.

“Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n fi ihò rẹ̀ hàn yín. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀.”

Akínbọ́lá kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. “Ẹ̀gbọ́n, họ́ọ̀lù tí mo ti ṣeré pọ̀ ju rédíò tí ẹ ti tún ṣe lọ. Ẹ lọ jókòó kí wọ́n fún yín ní ìrẹsì.”

“Ó dáa. Àmọ́ ẹ má tíì tan iná o.”

“Mo ti gbọ́.”

Kò gbọ́ rárá. Ní Ìjan, ihò apá òsì ni ohùn ń gbà jáde lọ sára sípíkà. Akínbọ́lá ki wáyà tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó tan iná, ó sì gbá maikirofóònù láti dán an wò. Agbára tó yẹ kó lọ sára sípíkà ya wọ inú àpótí rẹ̀. A gbọ́ “tàù!” Èéfín yọ lára àpótí, ó yọ lára ẹ̀rọ gbọ̀ngàn, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́.

Nígbà tó kan bàbá mi, ó fi ọ̀pá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Èmi tí mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo bú sẹ́kún.

Nọ́fíù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé rédíò onípákó ńlá kan dé. Ihò giramafóònù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ló ki wáyà maikirofóònù bọ̀.

“Ẹ sún mọ́bí, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ panu mọ́,” ló wí. “Bàbá, ẹ máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.”

Àwọn èèyàn fa àga wọn sún mọ́ tábìlì. Ohùn bàbá mi jáde nínú rédíò náà, kò ròkè, ṣùgbọ́n ó já gaara. “Monínúọlá, ọma mi, ulé ọkọ rẹ á tù ọ́ lára. Mo dúpẹ́ pé mo rí òní.”

Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe àmín. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìgbéyàwó náà ni bàbá mi kú. Títí dòní, bí mo bá rántí ohùn yẹn, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Nọ́fíù. Ọdọọdún ni mo ń rán àwọn ọmọ mi lọ kí i nígbà Iléyá, òun náà á sì ní kí n má ṣèyọnu mọ́.

Ní ti Akínbọ́lá, inú àpótí rẹ̀ ti jóná kọjá àtúnṣe. Ìròyìn dé Ìyìn, ó dé Adó, kò sì sí olùtọ́jú gbọ̀ngàn tó tún jẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀rọ òun. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, òun náà gbéyàwó. Wọ́n fún un ní gbọ̀ngàn, wọ́n ní kó má fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹlòmíì ló wá fi àwo orin ṣeré. Ìyá rẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan, sọ̀rọ̀ sí i létí níbi tó jókòó sí.

“Ọma mi, ṣebí uṣẹ́ rẹ rèé? Kí ló dé tí ẹlòmíì fi ń bá ọ ṣe é?”

Akínbọ́lá tẹjú mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ gan-an ló yẹ kó máa béèrè. Bí ẹ bá dé ibi tí kì í ṣe tiyín, ẹ kí ẹni tí ẹ bá níbẹ̀, kí ẹ sì bi í bí nǹkan wọn ṣe rí. Ìbéèrè kan péré ì bá ti gba Akínbọ́lá sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ṣe yín lóore lọ́jọ́ tí nǹkan dàrú, ẹ má jẹ́ kó sú yín láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.