Ẹni Tí Ọ̀gá Ní Kí Wọ́n Dúró Tì

Iṣẹ́ Adéníkẹ́ ni láti máa gbé ìpè àwọn oníbàárà tí inú ń bí, ní ilé iṣẹ́ kan ní Ikosi tó ń ta fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú u. Wọ́n á bú u tán, òun á ní, "Ẹ má bínú, sà." Omi kò bọ́ lójú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ni ọ̀gá fi ní kó máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìfaradà. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gùn. Bí ẹkún bá ń bọ̀, máa mu omi díẹ̀díẹ̀, torí ọ̀fun tó ń gbé omi mì kò ráyè ẹkún. Bí omi kò bá sì ràn án, rántí pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Edith Ṣóbọ̀wálé ni ẹ̀kọ́ yìí kò wọ̀ létí. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Mende ló ń gbé. Ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Ṣágámù, àìsàn náà kò lọ, kò bọ̀. Kí oníbàárà ṣáà ti jágbe mọ́ Edith, ẹkún dé.

"Edith, ibi iṣẹ́ nìyí o, kì í ṣe ilé òkú," Adéníkẹ́ sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ọ́fíìsì sì rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Adéníkẹ́ gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́. Dàmọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti jáde nílé ní ìdájí lọ sí Abẹ́òkúta, ó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì. "Mummy, tí mo bá ti débẹ̀, màá pè yín," ló wí kó tó lọ. Kò tíì pè. Adéníkẹ́ ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ìgbà náà ló rí Edith tó ń jáde bọ̀ láti yàrá ọ̀gá, ó dorí kodò. Kò pẹ́ ni wọ́n pe Adéníkẹ́ náà wọlé.

Ọ̀gá Akínbíyì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ ni. Kò wò ó lójú.

"Aunty Níkẹ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde. Ẹ ṣáà dúró ti Edith lónìí, ẹ má jẹ́ kó dá wà. Ẹ jọ lọ to ẹrù inú sítọ́ọ̀. Tó bá dìrọ̀lẹ́, Salaudeen á fi mọ́tò mi gbé ẹ̀yin méjèèjì lọ sílé."

"Yéè! Ṣé ìyá ẹ̀ ni?"

Ọ̀gá fọwọ́ bo ojú. "Ẹ ṣọkàn gírí, Aunty. Ẹ jọ̀ọ́."

Kò béèrè mọ́. Wọn kì í ju irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lu èèyàn níbi iṣẹ́. Ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́, lẹ́nu àgbà, lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti jẹun, tí ọwọ́ tó máa dì í mú sì wà nítòsí.

Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ kó fóònù ara wọn sílẹ̀, pé sẹ́mínà wà, Adéníkẹ́ mọ ohun tó fà á. Ó rántí pé Dàmọ́lá máa pè. Síbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀, kí Edith má bàa fura.

Nínú sítọ́ọ̀, Edith kò sunkún. Ó gbé ike omi dání, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó ń to ẹrù, ó tún mu ún. Àánú rẹ̀ ṣe Adéníkẹ́ gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ fún ọmọ yìí, ó rò ó lọ́kàn.

"Edith, ọ̀rọ̀ ilé òkú tí mo sọ lọ́jọ́sí, forí jì mí."

"Aunty, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Please."

Ní ọ̀sán, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà wá fún wọn.

"Jẹun, ọmọ mi. Inú òfìfo kò dáa."

"Ẹ̀yin náà ẹ jẹ, Aunty. Tí ẹ ò bá jẹ, mi ò ní jẹ."

Wọ́n jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà. Ó tu Adéníkẹ́ lára díẹ̀ pé oúnjẹ ti wọnú ọmọ náà kí ìròyìn tó dé.

"Dàmọ́lá á ti máa pè mí lápètúnpè o," ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Edith kọjú sí ògiri. "Ẹ jẹ́ ká parí apá ibí yìí ná, Aunty."

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, Salaudeen, awakọ̀ ọ̀gá, ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún wọn. Kò kí wọn pẹ̀lú àwàdà bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n jọ jókòó sẹ́yìn, Edith sì di ọwọ́ Adéníkẹ́ mú pinpin. Ọ̀rọ̀ tí Adéníkẹ́ ti ń tò láti àárọ̀ láti fi tu ọmọ náà nínú dà rú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó di ojú, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ pé kí Ọlọ́run fún un lókun láti gba ohun tó ń dúró dè é nílé. Bí mọ́tò ṣe ń yà tó ń tún yà, kò la ojú. Edith ń ṣe àmín.

Nígbà tí mọ́tò dúró tí Adéníkẹ́ la ojú, wọn kò sí ní Mende, iwájú ilé tirẹ̀ ní Mile 12 ni, ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn alàgbà ìjọ, ó ń pe Dàmọ́lá, Dàmọ́lá, Edith sì ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá Adéníkẹ́ mú, bí ọ̀gá ṣe ní kó ṣe láti àárọ̀.