Ife Àárín

Èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ Ìyá àgbà dé láàárọ̀ yìí, àná sì ni Ìyá àgbà wọkọ̀ lọ sí Malete.

Toyyib tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan ní Adéwọlé ló ń pe Qudrah lórí fóònù.

Tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán lọ́la, Toyyib yìí kan náà ló ń kó àwọn òbí rẹ̀ bọ̀ wá tọrọ Qudrah.

"Ife mẹ́ta ni mo fún Alhaja, ìyá àgbà yín. Kí wọ́n tọ ìbẹ̀rẹ̀ sí ọ̀kan, àárín sí ìkejì, ìparí sí ìkẹta, ká lè mọ ibi tí àrùn wà lójú ọ̀nà ìtọ̀ wọn."

"Ẹ̀n-ẹ́n?" Qudrah lẹ itan mọ́ra.

"Ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìparí mọ́. Àárín nìkan ni àrùn kún! Irú àrùn wo ló ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́?"

"Bóyá kúnú tí wọ́n ń mu lálaalẹ́ ni."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Mò ń lọ gbé wọn ní Malete báyìí, kí wọ́n wá gba abẹ́rẹ́."

Abẹ́rẹ́! Ìyá àgbà tó bọ́ bàtà lé nọ́ọ̀sì lọ́jọ́sí!

Bí Qudrah bá sọ̀rọ̀, ìtìjú ni. Bí ó bá dákẹ́, ìdí Ìyá àgbà gbé.

"Ẹ má lọ, Bọ̀dá Toyyib. Ìyá àgbà gbójú fo ife àárín, ìtọ̀ sì ti tán. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ṣá ni wá, kí n bá àwọn tọ̀ ọ́."

"Ìtọ̀ ta wá ni ti àárín?"

"Tèmi ni. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ yẹn dè mí, mò ń bọ̀."